Ojú Fung Sau-Lan Lára Aago

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yé yín pé èmi kì í ṣe ẹni tí orin máa ń dà láàmú. Afárá ni iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Afárá á dúró tàbí kó wó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Fọláyọ̀ ìyàwó mi ni olórin ilé wa. Òun ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Whalley Range ní Manchester, ó sì le mọ́ wọn débi pé àwọn kan ti sá lọ máa pín ìwé ìsìn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní sọ fún wọn pé ohùn wọn ti yẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi George yóò máa wakọ̀ lọ lójú Princess Road, tí n ó sì máa bá obìnrin ará Hong Kong kan tó ti kú kí ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé kọrin, lédè tí mi ò gbọ́, ǹ bá ní kó tètè lọ rí dókítà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹwà, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Manchester níbí la bí i sí, ó sì ń ṣe dókítà eyín ní Fallowfield. Ibẹ̀ ni Anthony Lau ti lọ tọ́jú eyín, ó sì jọ pé eyín náà ò tètè san, torí ṣe ló ń padà lọ ṣáá. Ọmọ Ṣáínà ni Anthony, ṣùgbọ́n Salford ni wọ́n bí i sí, bó bá sì la ẹnu, ọmọ Salford pọ́ńbélé lẹ ó gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá kí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ wa, ó sì fi orí gbá tábìlì kékeré tó wà níwájú rẹ̀. Ẹwà ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò rántí sọ fún un pé kó kọ́kọ́ wo iwájú. Ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà. Mi ò jẹ́ kó mọ̀, torí ó yẹ kí ẹ̀rù bàbá ìyàwó máa ba ọkọ díẹ̀.

Ohun tó dí ìgbéyàwó wọn lọ́wọ́ ò ju ife tíì kan lọ. Nínú àṣà àwọn Anthony, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ àti ìyàwó á kúnlẹ̀, wọ́n á gbé tíì fún àwọn àgbà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà tó bá gba ife náà tó sì mu ún ti gba ìyàwó wọlé nìyẹn. Ìyá bàbá Anthony sì ni àgbà ilé wọn. Màmá ni Anthony ń pè é. Ohun tí àwọn náà ń pe ìyá bàbá wọn nìyẹn, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn, bí àwa náà ṣe ń pè é ní Màmá Lau nìyẹn. Nígbà tí bàbá àti ìyá Anthony ń din ìrẹsì tà ní ṣọ́ọ̀bù wọn láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, Màmá Lau ló tọ́ ọ dàgbà. Anthony sọ fún wa láìfi bò pé bí Màmá òun ò bá ní mu tíì náà, òun ò ní lè ṣe ìgbéyàwó. Inú bí mi gan-an nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé bó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, ohun tí èmi náà máa sọ nìyẹn.

Monica, ìyá Anthony, ló ṣàlàyé ibi tí nǹkan dé dúró. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun ò sọ pé òun ò ní mu ún, kò sì sọ pé òun máa mu ún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní kí Anthony bi Ẹwà lọ́jọ́ tí Anthony mú un lọ sí flat rẹ̀ ní Salford.

"Ṣé ó mọ Fung Sau-Lan?"

Ẹwà kì í purọ́. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Màmá Lau mí kanlẹ̀, ó sì yíjú sí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

"I thought she'd ask about my job or summat," Ẹwà sọ fún wa nígbà tó délé, omi sì ti ń dé ojú rẹ̀. "Mo ti múra gbogbo answer sílẹ̀, Mummy. Kò tiẹ̀ bèèrè ọ̀kankan."

"Ta ló ń jẹ́ Fung Sau-Lan?" ni Fọláyọ̀ bèèrè. Láti inú ohùn tó fi bèèrè rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Anthony ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi rò ó. Olórin ni obìnrin náà, láti Hong Kong. Ó ti gbajúmọ̀ kí wọ́n tó bí Anthony, àìsàn sì mú un lọ nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti kú, àwọn èèyàn ò gbà fún un pé kó kú. Kò sí ìdáná ṣọ́ọ̀bù Ṣáínà kan ní gbogbo àgbègbè wa yìí tí ohùn rẹ̀ ò ti dún rí. Wọ́n ń gbé orin rẹ̀ sí níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń gbé e sí nínú takisí, ó wà lórí fóònù àwọn ọmọdé. Àwọn olórin tó dé lẹ́yìn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kọ orin rẹ̀ kan kí wọ́n tó kọ tiwọn, láti fi tọrọ àyè. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni Màmá Lau gbé dání nígbà tó ń bọ̀ nílùú ọba, òun ló sì ń gbọ́ nígbà tó bá ń bó edé nínú ìdáná, pẹ̀lú Anthony lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ń pọnmọ bíi tiwa.

"Ṣé ìwọ náà mọ orin náà kọ?" ni mo bi í.

Ó mirí pé rárá. "Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, sir. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nǹkan tó ń dun Màmá nìyẹn."

Láti ọjọ́ kejì ni Fung Sau-Lan ti kó wá sílé wa. Mo jí, ó ń kọrin. Mo wọ balùwẹ̀, ó ń kọrin. Mo bọ́ sínú mọ́tò pé ibẹ̀ ni n ó ti sinmi, ìyàwó mi ti so fóònù rẹ̀ mọ́ rédíò, ó tún ń kọrin. Orin kan náà ni o, èyí tí Màmá Lau fẹ́ràn jù, orin obìnrin kan tó dúró létí odò tó ń wo ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹni tó fẹ́ràn lọ.

"Fọláyọ̀, ṣé obìnrin yìí ò ní sinmi ni?"

"Bàbá Ẹwà, ẹ yé bínú. Ẹ kàn gbọ́ bó ṣe ń mí."

"Bó ṣe ń kí ni?"

"Bó ṣe ń mí. Ẹ sọ ibi tó ti mí fún mi."

Mo fetí sílẹ̀ kí n lè sọ fún un pé ibí ni, kí ọ̀rọ̀ tán. Mi ò rí i. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn, mi ò tún rí i. Ohùn náà gbéra nílẹ̀, ó gòkè, ó rọra yà, ó sì balẹ̀ sí òdìkejì, kò sì síbi tí èèyàn lè fi ìka tọ́ka sí pé ibí ni wọ́n ti so ó pọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, ibi ìsopọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára afárá, torí ibẹ̀ ni àléébù máa ń sá pamọ́ sí. Èyí ò ní ìsopọ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa mọ́tò, a sì gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti mú èmi náà, mi ò ní purọ́.

Ohun tó wú Fọláyọ̀ lórí tún ju ti èémí lọ. Anthony ti ṣàlàyé fún un pé èdè wọn náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa, àti pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbà náà ni orin Fung Sau-Lan máa ń gbà. Ọjọ́ pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń bá àwọn orin ìsìn kan jà, àwọn tí wọ́n fi tipátipá há ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ohùn òyìnbó, tí ẹni tó ń kọ ọ́ ò sì mọ ohun tó ń sọ mọ́. Ó jókòó sórí àga ìdáná, ó ń gbọ́ ẹlòmíràn tó ti yanjú ìjà náà lókè òkun, láìtiẹ̀ mọ̀ pé òun wà láyé. "Ẹ wò ó," ló wí, "obìnrin yìí ò fi agbára mú ọ̀rọ̀ kankan." Mi ò tíì gbọ́ kó yin akọrin kankan bẹ́ẹ̀ rí, títí kan àwọn tirẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, Anthony ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ orin Fung Sau-Lan fún ìrántí rẹ̀, ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú. Mo rò pé àwọn arúgbó bíi tèmi ni n ó bá níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn tí à ń rí ní Fallowfield pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí obìnrin náà kú. Ọmọbìnrin kan bọ́ sórí pèpéle láti kọ orin odò yẹn. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó na máíkì sí wa, ó sì dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò wo ìwé, wọn ò wo ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Nígbà tó parí, mo bi í ibi tó ti mọ orin náà.

"It's my mum's washing-up song," ló wí. Ó ní bí òun bá ti gbọ́ ọ, òun á máa rí ẹ̀yìn ìyá òun níwájú síńkì.

Mo jowú ọmọ yẹn. Títí a fi délé ni mo ń rò ó bóyá orin kankan wà tí Ẹwà lè gbọ́ tí yóò fi rí ẹ̀yìn tèmi.

Màmá Lau ò bá wa lọ. Anthony ní ó sọ pé òun ò ní lọ gbọ́ orin Fung Sau-Lan lẹ́nu ẹlòmíràn, pé ariwo lásán ni gbogbo rẹ̀. Mo yíjú wo Fọláyọ̀, tó ti pinnu pé òun máa kọ orin náà níwájú ìyá yìí kan náà nígbà tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún rẹ̀.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó mi wí.

Ọjọ́ ìbí náà ń bọ̀, a ò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń fún àgbà. Aago ara ògiri ni, aago ńlá, tí wọ́n tẹ àwòrán sí láàárín. Nínú pálọ̀ wa, díákónì tó fẹ̀yìn tì wà lójú aago, ìyá tó pé àádọ́rin wà lójú aago, tọkọtìyàwó kan tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra wọn lójú aago. Ṣùgbọ́n Fọláyọ̀ ní kì í ṣe ojú Màmá Lau la máa tẹ̀ sí i. Ojú Fung Sau-Lan ni, kí ìyá náà lè máa rí i nígbàkígbà tó bá fẹ́ mọ iye tí aago lù. Mo ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Mo ṣì rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Túnmiṣe, ọmọkùnrin kan tó ń tẹ àwòrán sára ife àti aṣọ ní Moss Side, ló bá wa ṣe é. Etí aago náà ń dán bíi góòlù. Fung Sau-Lan wà láàárín pẹ̀lú òdòdó nínú irun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, orúkọ Màmá Lau sì wà nísàlẹ̀. "Mummy, dis one go make the old woman cry," ni Túnmiṣe wí. A dì í, a sì fi í pamọ́ fún Ẹwà àti Anthony, kó lè bá gbogbo wọn lójijì. Ó kúkú bá wọn lójijì.

Anthony ti kọ́ wa ní ìwà tó yẹ ká hù níbẹ̀. Ó ní ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé nǹkan fún àgbà, èyí tí a ti mọ̀ láti ilé. Ó ní bí ẹnì kan bá sì fún wa ní nǹkan, ká má kàn já a gbà. Ṣe ni ká tì í padà, òun náà á tún tì í wá, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ pẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé ó wá láti ilé rere. Mo fi èyí sọ́kàn dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ká máa kọ nǹkan pẹ̀lú ẹ̀rín ni, kò sẹ́ni tó máa jù mí lọ ní gbogbo Manchester.

Ilé oúnjẹ kan nínú ìlú ni wọ́n ti ṣe ọjọ́ ìbí náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Anthony àti Ẹwà lọ sísàlẹ̀ láti bá òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá wáyà máíkì tí Fọláyọ̀ fẹ́ fi kọrin. Fọláyọ̀ ní ká fún ìyá náà ní ẹ̀bùn rẹ̀ kí wọ́n tó dé. Mo gbé e, ó kúnlẹ̀, a jọ nà án sí Màmá Lau.

Ìyá arúgbó kékeré ni, irun rẹ̀ funfun, ìka rẹ̀ sì le láti inú edé tó ti bó láyé. Ó rọra tú ìwé tí a fi dì í. Ojú Fung Sau-Lan ló kọ́kọ́ yọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé wa. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ó sì pe orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ló tó rí ọwọ́ aago àti nọ́ńbà tó yí i ká. Ó fa ìka rẹ̀ padà. Monica di ojú rẹ̀.

Màmá Lau ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó mú kọ́ìnì kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

Mo rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo tì í padà. Ó tún nà án, ó ń sọ̀rọ̀ lédè rẹ̀. Mo tún tì í padà, mo tẹrí ba. Ó tún nà án lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé ìyá yìí mọ̀wà o.

"George, please," ni Monica wí, "you have to..."

"Don't worry, Monica. I know how it is done."

Mo di ìka Màmá Lau mọ́ kọ́ìnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọwọ́ rẹ̀ lé e láyà. Mo wo yíká tábìlì kí wọ́n lè rí irú ilé tí Ẹwà ti wá. Màmá Lau dìde, ó ní kí wọ́n bá òun mú kóòtù òun wá.

Ìta ni Anthony ti ṣàlàyé fún wa, nígbà tí Monica ti mú ìyá náà lọ tòun ti aago náà. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn kì í fún àgbà ní aago, torí ó túmọ̀ sí pé ẹ ti ń ka ọjọ́ tó kù fún un. Fọláyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rọ̀," ni Anthony wí. "Bí àgbà náà bá ti fún yín ní kọ́ìnì kan, ó ti rà á nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ti dárí jì yín, sir. Ó kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á ni."

"I'm not being funny, Daddy," ni Ẹwà wí, "ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò kàn gbà á?"

Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún bẹ̀ mí pé kí n má fi ikú ta òun lọ́rẹ, mo sì fi ẹ̀rín kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ẹbí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màmá Lau ò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́, Anthony náà ò sì lè dá a sílẹ̀. Ẹwà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, kò sì bá wa jókòó. Fọláyọ̀ pa orin. Kò ní kí n má gbé e sí o, òun náà kàn ò gbé e sí mọ́. Mo ń jí, ilé á dákẹ́. Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó dé, mi ò sì lè fara dà á. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé orin odò yẹn sí fúnra mi. Bí ohùn náà ṣe gbéra nílẹ̀ báyìí, ẹkún gbọ̀n mí. Mo rí i pé obìnrin yìí ti di ara ilé wa, àti pé bí a bá pàdánù Anthony, a máa pàdánù òun náà. Mo wọlé, mo ní kí Fọláyọ̀ wọ bàtà rẹ̀.

"Níbo?"

"Salford. Mo fẹ́ lọ gba kọ́ìnì mi."

A mú Ẹwà àti Anthony dání. A wọ lífítì lọ sókè ilé gíga tí Màmá Lau ń gbé. Anthony kanlẹ̀kùn, ìyá náà sì ṣí i. Ó wò wá títí, ó sì yà fún wa láti wọlé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni aago náà. Ó wà lára ògiri, lójúkojú àga tí ìyá náà máa ń jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ ò lọ. Màmá Lau rí ibi tí mò ń wò, ó sì bá Anthony sọ̀rọ̀.

"Ó ní òun gbé e dé ẹnu ihò tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí," ni Anthony wí. "Ó ní ọwọ́ òun ò gbà á. Òun ò lè da Fung Sau-Lan sínú ìdọ̀tí. Bátìrì rẹ̀ ni òun yọ. Ó ní aago tí kò bá lọ, àwòrán ni."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, eékún mi sì ké, ṣùgbọ́n mo dé ilẹ̀, mo sì kọ́kọ́ wo iwájú. "Sọ fún Màmá pé a ò wá fún wọn ní nǹkan kan," mo sọ fún Anthony látilẹ̀. "A wá ta aago ni."

Bó ṣe sọ ọ́ fún un, ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀rín ni. Ó lọ mú kọ́ìnì wá láti inú pọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo dìde, mo ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, nígbà tí ìyàwó mi di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Kò tíì tó," ni Fọláyọ̀ wí.

"Fọláyọ̀."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Ẹwà. Ọjà ni wọ́n ní ká tà." Ó kọjú sí Màmá Lau, ó sì kúnlẹ̀. "Anthony, sọ fún wọn pé owó yẹn dáa, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan lé e. Kí wọ́n mu tíì ọmọ mi."

Anthony sọ ọ́ fún un. Màmá Lau wo Fọláyọ̀, ó wo Ẹwà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo Fọláyọ̀. "Too expensive," ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó sì sọ ìyókù lédè tirẹ̀.

"Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹ fẹ́ kọrin lọ́jọ́ yẹn," ni Anthony wí. "Ó ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ báyìí, kí òun mọ ohun tí òun ń rà."

Kò sí máíkì, kò sí ẹ̀rọ orin. Fọláyọ̀ wà lórí eékún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò ṣe bíi Fung Sau-Lan. Ohùn ara rẹ̀ ló lò, ohùn alto ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n kò fi agbára mú ọ̀rọ̀ kankan. Màmá Lau di ojú. Nígbà tí orin náà dé ìlà kejì, ó gbé ìka sókè. Fọláyọ̀ dúró. Ìyá náà kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bó ṣe yẹ, Fọláyọ̀ gbà á, ó tún un kọ, ìka sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi tí ẹnikẹ́ni kì í tọ́ sọ́nà ní Whalley Range.

Nígbà tí orin náà fẹ́ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń kúrò létí odò, èémí Fọláyọ̀ fẹ́ tán. Mi ò mọ ìgbà tí mo ya ẹnu. Mo gbé e láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohùn mi tó há, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, a sì jọ gbé e sọdá. Mi ò mọ̀ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a parí, Màmá Lau ti la ojú, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí mi.

"Ó ní kódà eléyìí mọ̀ ọ́n," ni Anthony wí.

Ìyá náà ń sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ gígùn, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Fung Sau-Lan ló ń wò. Anthony fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ohùn yín ò dára tó tirẹ̀, kẹ́ ẹ má ṣe tan ara yín. Ó ní ìyá mi kì í kọrin, èmi náà ò sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọkàn òun ò balẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní bí àwọn ọmọ bá dé, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa pọ̀n wọ́n, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ fún wọn."

"Àwọn ọmọ wo?" ni Ẹwà bèèrè.

Màmá Lau fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́ìnì náà sí mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kíákíá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò súwẹ́tà rẹ̀, ó mú bátìrì jáde, ó sì fún mi. Mo sọ aago kalẹ̀, mo fi bátìrì sí i, mo sì tún un gbé kọ́. A gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Màmá Lau gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ nǹkan kan fún Ẹwà, ó ń nawọ́ sí ìdáná.

"Ó ní kó o lọ gbé omi kaná," ni Anthony wí. "Ó ní kó o wá fi òun dánra wò, kó o má bàa dà á nù lọ́jọ́ náà."

Ẹwà gbé ife náà wá, ó ń rọra rìn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára tíì. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Màmá Lau gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mu ún tán.